Irin Inú Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Ìmọ̀ Nípa Híímù àti Bí Ara Ṣe Ń Ṣọ́ Ọ

ÌFÁÁRÀ

Orí ohun kan tí kò sí ilé tí a kì í ti í dárúkọ rẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé. Ẹ̀jẹ̀ ni. Bí aláìsàn bá rù, tí ojú rẹ̀ sì funfun, a ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Bí aboyún bá lọ sí ilé ìwòsàn, oògùn ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí wọn yóò fún un. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà, ìyá rẹ̀ yóò wá ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Ohun tí ó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ni irin, irin kan náà tí àgbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́ àti àdá.

Ta ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé irin wà nínú ẹ̀jẹ̀? Ọ̀nà wo ni ó ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì? Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe níbẹ̀? Ta ni ó sì ń ṣọ́ ọ kí ó má baà ṣe ibi? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni a ó tọ ipa wọn láti nǹkan bí ọdún 1746 títí di àkókò tiwa. Èrò tí mo fẹ́ kí á fi sọ́kàn bí a ti ń lọ ni èyí: fún ohun tí ó lé ní igba ọdún, ohun tí àwọn oníṣègùn ń bi ara wọn ni bí a ó ṣe fi irin kún ẹ̀jẹ̀; ṣùgbọ́n ohun tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe làálàá lé lórí jù ni bí yóò ṣe ṣọ́ irin tí ó ti ní. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìmọ̀ ènìyàn fi bá ọgbọ́n ara dọ́gba lórí ọ̀rọ̀ yìí, a ó sì rí i níwájú pé ewu wà nínú pé kò tètè bá a.

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí á ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan. Irin tí ó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa kì í dá wà. Inú òrùka kan tí a fi kábọ́ọ̀nù, náítírójìn àti àwọn nǹkan mìíràn hun ni ó jókòó sí, bí òkúta olówó iyebíye ti ń jókòó sí ojú òrùka ìka. Òrùka yìí pẹ̀lú irin àárín rẹ̀ ni à ń pè ní híímù. Bí híímù mẹ́rin bá wà nínú purotéènì tí ń jẹ́ glóbíìnì, àpapọ̀ wọn ni himoglóbíìnì, èyí tí ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara.

1. OHUN TÍ ÒÒFÀ FÀ YỌ

Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù ti ń lo irin kí wọ́n tó mọ̀ pé irin wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Thomas Sydenham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa rẹ gbúnrungbúnrun irin sínú ọtí wáìnì fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí àwọ̀ wọn ṣì, tí àárẹ̀ sì ń mú láìṣe iṣẹ́ kan. Ó rí i pé ara wọn ń mókun, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1746, Vincenzo Menghini, oníṣègùn ní ìlú Bologna ní ilẹ̀ Ítálì, sun ẹ̀jẹ̀ títí ó fi di eérú, ó sì fi òòfà wá inú eérú náà wò. Òòfà fa nǹkan jáde. Nígbà tí ó ya omi ara ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára apá pupa rẹ̀, ó rí i pé apá pupa ni irin náà fi ṣe ibùgbé. Ìdánwò tí kò gbà ju iná, eérú àti òòfà lọ ni, síbẹ̀ òun ni ó jẹ́ kí a lè so oògùn Sydenham mọ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ irin ti di ọ̀rọ̀ àfikún: bí ó bá dín, kí á fi kún un. Ní 1832, Pierre Blaud ní ilẹ̀ Faransé gbé oògùn oníhóró kan jáde tí a fi irin ṣe, lílò rẹ̀ sì tàn ká gbogbo àgbáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò dúró síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ irú aṣọ tí irin wọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1853, Ludwik Teichmann po ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ mọ́ iyọ̀ àti omi kíkan, ó yá a níná, ó sì rí ègé wínníwínní aláwọ̀ ilẹ̀ tí ń dán. Híímù ni ó ti di ègé bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń wádìí ọ̀ràn ìpànìyàn lo ọ̀nà yìí fún ìgbà pípẹ́ láti mọ̀ bóyá àbàwọ́n ara aṣọ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní 1862, Felix Hoppe-Seyler ní Jámánì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀jẹ̀ tí a bu omi là kọjá, ó sì fi awò tí ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ òṣùmàrè wò ó. Ó rí ìlà dúdú méjì tí ó gé òṣùmàrè náà. Ní 1864, ó sọ ohun tí ń fa ìlà wọ̀nyí ní himoglóbíìnì. Ní ọdún kan náà, George Gabriel Stokes ní Cambridge fi hàn pé bí a bá gba ọ́síjìn kúrò lára ẹ̀jẹ̀, ìlà méjì náà a di ẹyọ kan tí ó fẹ̀. Bí a bá sì tún jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án, wọ́n a padà di méjì. Báyìí ni a ṣe fojú rí i pé ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ ń gba ọ́síjìn, ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀.

2. ẸJỌ́ MACMUNN

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tí ń wá ìmọ̀. Oníṣègùn kan wà ní ìlú Wolverhampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Alexander MacMunn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Ireland ni. Kì í ṣe olùkọ́ ní yunifásítì. Aláìsàn ni ó ń tọ́jú láti fi jẹun, ó sì ń fi àkókò tí ó bá ṣẹ́kù ṣe ìwádìí. Láàárín 1884 sí 1887, ó fi awò òṣùmàrè wo iṣan àti ẹran ara oríṣiríṣi ẹ̀dá, títí kan àwọn kòkòrò tí kò ní himoglóbíìnì rárá. Ó rí ìlà dúdú tí kò bá ti himoglóbíìnì dọ́gba. Ó wá sọ pé ohun kan wà nínú ẹran ara fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ ìbátan ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń kópa nínú mímí tí sẹ́ẹ̀lì ń mí.

Hoppe-Seyler kò gbà. Ó ní himoglóbíìnì tí ó ti bàjẹ́ lásán ni MacMunn rí. Hoppe-Seyler ni ó ni ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí a ti ń ja ìjà náà, òun sì ni ọ̀gá pátápátá nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀jẹ̀ nígbà náà. Ní 1890, ìwé náà fi ọ̀rọ̀ MacMunn ti sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ènìyàn sì gbàgbé rẹ̀. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. MacMunn kú ní 1911 láìrí ẹni tí ó dá a láre.

Ní 1925, David Keilin ní Cambridge ń wo ara eṣinṣin kan tí ìdin rẹ̀ ń gbé inú ikùn ẹṣin, ó sì rí ìlà mẹ́rin tí kò retí. Ó wá wo ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì. Ìlà náà wà níbẹ̀. Ó mi ìwúkàrà náà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ìlà náà parẹ́. Ó dúró díẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà lo ọ́síjìn náà tán, ìlà náà sì padà wá. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìwúkàrà. Nítorí náà, kò sí ọ̀nà tí a ó fi sọ pé himoglóbíìnì tí ó bàjẹ́ ni. Keilin pe ohun náà ní sáítókírómù, ó sì dárúkọ MacMunn ní gbangba pé òun ni ó kọ́kọ́ rí i. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti MacMunn gbà tó ogójì ọdún.

Kí ni èyí kọ́ wa nípa híímù? Ó kọ́ wa pé híímù kì í ṣe ohun ìní ẹ̀jẹ̀ nìkan. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń gbé ọ́síjìn. Nínú iṣan, ó ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Nínú sáítókírómù, ó ń bá sẹ́ẹ̀lì mú agbára jáde láti inú oúnjẹ. Ọwọ́ ni a lè fi híímù wé: ọwọ́ kan náà ni ó ń di ọkọ́ mú, òun náà ni ó ń gbé igbá, ohun tí purotéènì tí ó yí i ká bá fi lé e lọ́wọ́ ni yóò ṣe.

3. BÍ SẸ́Ẹ̀LÌ ṢE Ń HUN HÍÍMÙ

Ní 1929, Hans Fischer ní ìlú Munich fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun híímù nínú ilé ìwádìí, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ fi hàn láìsí iyèméjì bí òrùka náà ṣe rí. Ẹ̀bùn Nobel ti 1930 ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n híhun tí ènìyàn hun ún yàtọ̀ sí híhun tí sẹ́ẹ̀lì ń hun ún. Kí ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe é?

Ìdáhùn wá láti inú ikùn olùwádìí fúnra rẹ̀. Ní 1945, David Shemin, tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú David Rittenberg ní Yunifásítì Columbia ní New York, jẹ gíráàmù 66 ohun kan tí ń jẹ́ glycine fún ọjọ́ mẹ́ta. Glycine jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí a fi ń mọ purotéènì. Èyí tí Shemin jẹ ní náítírójìn tí ó wúwo ju ti ìgbà gbogbo lọ, tí a fi lè tọ ipa rẹ̀. Ó wá ń gba ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ fún ìdánwò. Náítírójìn wúwo náà wọ inú òrùka híímù. Ó dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Ohun méjì ni ìdánwò yìí sọ fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkíní, oúnjẹ lásán ni sẹ́ẹ̀lì fi ń hun òrùka náà. Kò pọn dandan kí á jẹ híímù kí á tó ní híímù. Èkejì, sẹ́ẹ̀lì pupa a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé, ó sì ń kú nígbà tí ó bá dàgbà.

Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ìpele mẹ́jọ ni híhun náà. Ìpele àkọ́kọ́ àti àwọn ti ìkẹyìn ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá agbára sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mitokọ́ńdíríà. Àwọn ti àárín sì ń ṣẹlẹ̀ ní ìta yàrá náà. Ìkẹyìn pátápátá ni a ń fi irin sí àárín òrùka. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Bí híímù bá pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀, híímù fúnra rẹ̀ ni yóò dá ìpele àkọ́kọ́ dúró. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ń di ẹ̀jẹ̀ ẹ̀wẹ̀, bí híímù kò bá tó, sẹ́ẹ̀lì yóò dá mímọ glóbíìnì dúró títí híímù yóò fi dé. Kò sí ẹni tí ń kọ́ àgọ́ adìẹ sílẹ̀ fún adìẹ tí kò ní. Himoglóbíìnì tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo tó nǹkan bí 270 mílíọ̀nù, híímù mẹ́rin sì wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí àdéhùn láàárín àwọn tí ń hun òrùka àti àwọn tí ń mọ glóbíìnì, ìdàrúdàpọ̀ ni ìbá jẹ́.

4. ILÉ TÍ Ó NÍ ÌLẸ̀KÙN ÌWỌLÉ, TÍ KÒ NÍ ÌLẸ̀KÙN ÌJÁDE

Irin tí ó wà nínú ara àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 3 sí 4, kò ju ìṣó díẹ̀ lọ. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wà nínú himoglóbíìnì. Ní 1937, Robert McCance àti Elsie Widdowson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun kan tí ó yí èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ara, a ó fi ìtọ̀ tú u dànù. Bí omi bá pọ̀ jù, bákan náà. Irin kò rí bẹ́ẹ̀. Ara kò ní ọ̀nà tí ó fi ń lé irin tí ó pọ̀ jù jáde. Ohun tí ó ń bá awọ ara àti ìfun tí ó ṣí jáde kò ju mílígíráàmù 1 sí 2 lọ lóòjọ́, bóyá irin pọ̀ tàbí kò pọ̀. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ìwọlé, èyíinì ni ìfun, ni gbogbo ìṣọ́ wà.

Ọ̀nà méjì ni irin oúnjẹ ń gbà wọlé. Irin inú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọkà kò sí nínú híímù. Irin inú ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹja ni apá kan rẹ̀ wà nínú híímù. Ní 1957, Sheila Callender àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Oxford fún àwọn ènìyàn ní himoglóbíìnì tí irin rẹ̀ ń tan ìtànṣán tí a lè tọ ipa rẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé ara ń gba irin náà. Ìwádìí àwọn mìíràn ní ọdún 1960 sí 1970 jẹ́ kí ó yé wa pé híímù a máa wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun ní odindi, pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ohun inú ọkà àti tíì tí ń dí irin ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́: òrùka náà bò ó. Nínú irin híímù tí ènìyàn bá jẹ, ara lè gba ìdá 15 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti irin ẹ̀fọ́ sábà máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí híímù bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun tán, énsáìmù kan a já òrùka náà, a sì tú irin sílẹ̀. Ní 1974 ni a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé énsáìmù yìí wà nínú ìfun. Láti ibẹ̀ lọ, irin ẹran àti irin ẹ̀fọ́ a di ọ̀kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì lè yà wọ́n mọ́.

Ìlẹ̀kùn wo gan-an ni odindi híímù ń gbà wọlé? Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní London kéde pé àwọn ti rí i, wọ́n sì sọ purotéènì náà lórúkọ. Ní 2006, àwọn mìíràn ní New York fi hàn pé iṣẹ́ purotéènì náà gan-an ni gbígbé fítámì folate wọlé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí tì í kò lè gba folate láti inú oúnjẹ. Ìlẹ̀kùn híímù nínú ìfun kò tíì ní orúkọ tí gbogbo onímọ̀ fi ọwọ́ sí. Mo dárúkọ ọ̀ràn yìí nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà níhìn-ín: kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni a ti ro tán.

5. ÀWỌN AGBÁLẸ̀ ÀTI ONÍBODÈ

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Lójoojúmọ́, mùdùnmúdùn inú egungun nílò irin mílígíráàmù 20 sí 25 láti fi ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun. Ṣùgbọ́n mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ó ń ti inú oúnjẹ wọlé. Níbo ni ìyókù ti ń wá? Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti kú ni. Nínú ọlọ inú àti nínú ẹ̀dọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí a lè pè ní agbálẹ̀. Wọ́n ń gbé sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti dàgbà mì, wọ́n ń tú himoglóbíìnì rẹ̀ palẹ̀, wọ́n sì ń já òrùka híímù láti yọ irin.

Ní 1968, Raimo Tenhunen, Harvey Marver àti Rudi Schmid ní San Francisco ṣe àlàyé énsáìmù tí ń já òrùka náà, èyí kan náà tí a wá rí nínú ìfun ní 1974. Iṣẹ́ rẹ̀ hàn sí ojú lásán. Bí ènìyàn bá ṣubú, tí ẹ̀jẹ̀ sì kú sí abẹ́ awọ ara rẹ̀, ojú ibẹ̀ a kọ́kọ́ dúdú, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ a ní àwọ̀ ewé, nígbà tí ó bá yá a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kí ó tó lọ. Òrùka híímù ni ó ń di nǹkan aláwọ̀ ewé, tí ó sì ń di nǹkan aláwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn náà. Nǹkan aláwọ̀ ìyeyè yìí ni ẹ̀dọ̀ ń dà sínú òróòro. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó ń sọ ojú di pípọ́n nínú àìsàn ibà pọ́njú. Ara ń da òrùka nù, ó sì ń fi irin pamọ́.

Kí ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ tú híímù palẹ̀ kíákíá? Ìdí ni pé híímù tí kò sí nínú purotéènì jẹ́ ewu. Ó ń wọ inú awọ sẹ́ẹ̀lì, irin rẹ̀ sì ń bá ọ́síjìn dá iná sílẹ̀ níbi tí kò yẹ. Iná tí ó wà nínú ààrò ń se ọbẹ̀. Èyí tí ó bọ́ sórí òrùlé ń jó ilé. Ní 1999, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Japan ròyìn ọmọdékùnrin kan tí a bí láìní énsáìmù yìí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, bẹ́ẹ̀ ni irin sì ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀. Ẹ ronú sí i: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí irin sì ti pọ̀ jù ní ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ojú nìkan yóò fún un ní oògùn irin.

Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ni irin fi ń jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun àti sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ferópọ́tìn ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2000 ni a sì rí i. Oníbodè tí ń ti ìlẹ̀kùn náà ni hẹ́písídìn, èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Ọ̀nà tí a gbà rí i yani lẹ́nu. Láàárín 2000 sí 2001, àwọn tí ń wá ohun tí ń pa kòkòrò àrùn ni ó kọ́kọ́ rí i, wọn kò sì wá irin rárá. Ní 2001 náà, àwọn onímọ̀ ní Paris rí i pé eku tí kò ní hẹ́písídìn a máa kún fún irin. Ní 2004, Elizabeta Nemeth, Tomas Ganz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn bí ó ti ń ṣe é: hẹ́písídìn a lẹ̀ mọ́ ferópọ́tìn, sẹ́ẹ̀lì a sì gbé ìlẹ̀kùn náà mì, a tú u palẹ̀. Bí irin bá pọ̀, hẹ́písídìn a pọ̀, ìlẹ̀kùn a tì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín, hẹ́písídìn a dín, ìlẹ̀kùn a ṣí.

Ohun kan tún wà tí ń mú kí hẹ́písídìn pọ̀: àìsàn tí kòkòrò fà. Bí kòkòrò bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ a ti ìlẹ̀kùn irin, nítorí kòkòrò náà nílò irin láti bí sí i. Aláìsàn náà yóò dà bí ẹni tí kò lẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n irin wà ní àká. Oníbodè ni ó mọ̀ọ́mọ̀ kò, tí kò ṣílẹ̀kùn.

6. KÒKÒRÒ IBÀ ÀTI OÒGÙN Ẹ̀JẸ̀

Ní ilẹ̀ tiwa àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tí ibà pọ̀ sí, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé kóówá. Kòkòrò ibà ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì pupa, himoglóbíìnì sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó ti ń jẹ glóbíìnì ni híímù ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, híímù yìí sì lè pa á. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dì í pọ̀ di ègé dúdú tí kò lè ṣe ibi. Ègé dúdú yìí ni Alphonse Laveran, oníṣègùn ọmọ ogun Faransé, ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní ìlú Constantine ní ilẹ̀ Algeria ní 1880, tí ó fi rí kòkòrò ibà fún ìgbà àkọ́kọ́. Chloroquine tí gbogbo wa mọ̀ kíkorò rẹ̀ dáadáa, ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí kòkòrò náà di híímù pọ̀. Híímù tí ó jẹ a wá pa á. Artemisinin tí ó gba ipò chloroquine nílò irin híímù kan náà kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ní 2019, Iqbal Hamza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé bí eku kò bá ní purotéènì tí ń gbé híímù jáde kúrò nínú àpò ìtúpalẹ̀ sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà a máa di híímù pọ̀ di irú ègé dúdú kan náà. Ọgbọ́n tí a rò pé kòkòrò ibà nìkan ni ó ní, ẹran ara náà ní in.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀. Ní Erékùṣù Pemba ní Zanzibar, níbi tí ibà pọ̀ sí, a ṣe ìwádìí ńlá kan lórí àwọn ọmọ kéékèèké. Èrò rere ni ó wà nídìí rẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá tó, kí a fún gbogbo wọn ní irin àti folic acid lójoojúmọ́ láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ní 2003, àwọn tí ń bójú tó ìwádìí náà dá apá tí ó ní irin dúró. Nígbà tí èsì jáde ní 2006, lórí ọmọ 24,076, ó hàn pé nínú àwọn tí ó gba irin, iye ìgbà tí ikú tàbí àìsàn tí ó gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn ṣẹlẹ̀ fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò gbà lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kékeré tí a ṣe mọ́ ọn, níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò tí a sì ń tètè tọ́jú ibà wọn, àwọn ọmọ tí irin wọn kò tó ní tòótọ́ jàǹfààní irin náà.

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mi sódì. Èmi kò sọ pé irin burú. Aboyún tí irin rẹ̀ kò tó wà nínú ewu, ọmọ tí irin rẹ̀ kò tó kì í dàgbà bí ó ti yẹ. Ohun tí Pemba kọ́ wa ni pé irin kan náà tí ó gba ọmọ kan là lè ṣe òmíràn ní ibi, bí a kò bá wò ó bóyá irin ni ó dín tàbí oníbodè ni ó ti ìlẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2016 pé níbikíbi tí ibà bá wà, fífún àwọn ọmọdé ní irin gbọ́dọ̀ bá ìdènà, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ibà rìn pọ̀.

ÌGÚNLẸ̀

A ti rìn láti ọ̀dọ̀ òòfà Menghini dé ọ̀dọ̀ hẹ́písídìn. Menghini bi wá pé kí ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Stokes, MacMunn àti Keilin bi wá pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe. Shemin bi wá pé báwo ni a ṣe ń hun ún. McCance àti Widdowson ni ó kọ́kọ́ kọjú wa sí ìbéèrè pé ta ni ó ń ṣọ́ ọ, ó sì di nǹkan bí ọdún 67 lẹ́yìn náà kí a tó rí bí oníbodè ṣe ń ti ìlẹ̀kùn. Nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, sẹ́ẹ̀lì kò yí ìwà rẹ̀ padà. Ó ń gba ìwọ̀nba irin, ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ń tú u palẹ̀ nígbà tí ó bá gbó, kì í sì í fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí ọmọ kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà tí ojú rẹ̀ sì funfun, ẹ gbé e lọ sí ibi tí a ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí á mọ̀ bóyá ibà náà ti tán lára rẹ̀ àti bóyá irin rẹ̀ dín ní tòótọ́, kí á tó ṣí ìgò oògùn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti ti ẹ̀dá alààyè, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ fún yín: ilẹ̀ wa ni kòkòrò ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ ti ń pàdé jù, ó sì yẹ kí ohùn yín wà lára àwọn tí yóò sọ bí a ó ṣe yanjú rẹ̀.